Níbo Lo Ti Rí I?

Nínú ẹbí wa, èmi ni wọ́n ń gbé ìwé fún. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ ìwé ìpè ìgbéyàwó, tàbí ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa pín níbi òkú àgbà, wọn á ní, "Ẹ jẹ́ kí bọ̀dá fi Yorùbá gidi sí i." Mo sì ti fi Yorùbá gidi ba ìwé ìpè tó pọ̀ jẹ́. Àbúrò mi kan kò tíì dárí jì mí títí dòní. Mo kọ "gbọ̀ngàn àríyá" sínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ tọmọdé tàgbà ìlú ló mọ ibẹ̀ sí "họ́ọ̀lù kánsù". Àwọn àlejò rẹ̀ láti Ìbàdàn ń yí ìlú po títí iyán fi tán.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá, àwọn tó ń sọ ibi tí nǹkan ti wá ló máa ń pa mí bí ọtí. Orísun. Orírun. Ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìṣẹ̀dálẹ̀. Àtètèkọ́ṣe! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kún ẹnu. Mo ti pín oníkálukú sí àyè rẹ̀, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀kan síbi ìkejì. Orísun, ti omi ni, torí "sun" tó wà nínú rẹ̀ ni èyí tí omi máa ń sun láti inú ilẹ̀. Ẹni tó bá lò ó fún owó tàbí fún ìròyìn, àfiwé ló ṣe, kó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orírun, ti ènìyàn ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe Ilé-Ifẹ̀ ní orírun Yorùbá. Ìpilẹ̀ṣẹ̀, ti ìjà ni, ti àìsàn, àti ti ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́. Ìṣẹ̀dálẹ̀, ti ìlú àti ti àṣà. Ilé kan náà ni òun àti ìṣẹ̀ṣe ti jáde, ìṣẹ̀ṣe tí àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ti torí rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ. Ní ti àtètèkọ́ṣe, inú Bíbélì ló ń gbé. Láti ìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá ti Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti jáde ní 1884 ló ti jókòó síbẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú síta. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé, "Ní àtètèkọ́ṣe tí mo wọ iṣẹ́ báǹkì."

Tí akéde bá pe Ifẹ̀ ní "orísun Yorùbá" lórí afẹ́fẹ́, èmi ni mo máa ń dá a lóhùn láti inú yàrá, tí ìyàwó mi á sì béèrè ẹni tí mò ń bá jà. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ rédíò kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an tó ń jẹ́ Orísun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣóyinká náà ti sọ ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ kan ní Orísun ní nǹkan bí 1964. Ìyẹn, mo fi sílẹ̀. Ènìyàn kì í bá ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel jà lórí ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ jókòó sí.

Ohun tí mi ò kíyè sí ni pé èmi nìkan ló wà nínú ìjà yìí. Ìyàwó mi kì í lo ìkankan nínú wọn. Tó bá fẹ́ ra ẹ̀wà, "Ẹ̀wà ibo nìyí?" ló máa bi oníẹ̀wà, onítọ̀hún á ní Òkè Ọya ló ti wá, ó parí. Tí ọmọ bá gbé ohun tí a ò rà fún un wọlé: "Ọwọ́ ta lo ti gbà á?" Tí òfófó bá dé: "Ẹnu ta lo ti gbọ́ ọ?" Tí àfẹ́sọ́nà bá tẹ̀lé ọmọ wálé: "Ọmọ ibo ni ẹ́?" Tí ìdáhùn yẹn ò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn: "Ilé ta ní ìlú yẹn?" Ọ̀rọ̀ bíńtín kan, "ti", ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, láìgba ìyìn, láìwọ agbádá. Fọ́ọ̀mù ìjọba nìkan ló kù tó ń béèrè orírun lọ́wọ́ ènìyàn, tí wàá lọ sí kánsù, wàá sanwó, kí wọ́n tó fún ẹ ní ìwé tó jẹ́rìí pé ìlú bàbá ẹ ni ìlú bàbá ẹ.

Ọdún ìlú wa ló kó mi sí wàhálà. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, torí àwọn ará ilé mi mọ̀wé kà.

Wọ́n ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ ìtàn ìlú. Nígbà tí mo fi ń wọ wákàtí kan lọ, ìrẹsì ti tutù, àwọn onílù ti ń fọwọ́ kan awọ ìlù wò. Mo sọ bí ẹni tó tẹ ìlú wa dó ṣe dé pẹ̀lú òùngbẹ, bó ṣe fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ na ilẹ̀, tí omi sì sun jáde. Omi yẹn náà ló di odò tó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá. Mo wá fi òwe dé e lórí: "Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n rò pé mo ti parí.

Ìyá Àgbà kan tó jókòó níwájú na ọwọ́ sókè. Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ìlú yìí ló ti lọ́kọ, ìlú yìí ló ti sin ọkọ. Kò dúró kí wọ́n gbé gbohùngbohùn wá. Ó kàn wò mí, ó ní, "Níbo lo ti rí i?"

Ìbéèrè náà yé mi yékéyéké. Màmá fẹ́ mọ ibi tí mo ti fojú ara mi rí orísun odò. Ká sòótọ́, mi ò rí i rí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wọ agbádá, tí mo wà lórí pèpéle! Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́la gan-an, màá kó àwọn ọ̀dọ́ lọ síbẹ̀, ẹ ó sì rí fídíò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú." Màmá tún ya ẹnu láti sọ nǹkan, ṣùgbọ́n olóòtú ètò ti rí àyè, ó ti ní kí onílù máa lù.

Oṣù Kejì ni, oòrùn ti ń ta láti àárọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wá pẹ̀lú fóònù rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mélòó kan tẹ̀ lé e, àti ọmọbìnrin kan tó ń ka jọ́gíráfì ní yunifásítì, tó jẹ́ pé ká ní mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu, èmi ni ǹ bá gbádùn. Torí fídíò, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun báláú pẹ̀lú sálúbàtà tuntun. Mi ò gbé omi dání. Ibi tí omi ti ń wá là ń lọ, kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe?

Odò náà, ní oṣù Kejì, òkúta ni. Òkúta, iyanrìn, ọ̀rá omi pọ́ńbélé, àti ibì kọ̀ọ̀kan tí ẹrẹ̀ ṣẹ́kù sí. A ń gba inú rẹ̀ lọ sókè títí a fi dé ibi tó pín sí méjì. Ọmọbìnrin yìí ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó gùn jù ló yẹ ká tẹ̀ lé. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn." Mo wo apá òsì, ó gùn, ẹ̀gún sì kún un. Mo wo apá ọ̀tún, ibòji wà níbẹ̀. Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn baba ńlá wa ń yà sí.

Kí wọ́n má baà rí àyè já mi nírọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ẹni tó bá gbọ́ Ọ̀ṣun, Òṣogbo ló máa ń rò, nítorí igbó tí àjọ UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005; bẹ́ẹ̀ Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti sun, ó ti rìn jìnnà kó tó dé Òṣogbo, ó sì tún kù tó máa rìn kó tó wọ ọ̀sà Lẹ́kkí. Ògùn tí Ẹ̀gbá fi ń yangàn l'Ábẹ́òkúta, apá Ṣakí ló ti ń bọ̀. Ọya ló wá ya aláìgbọràn jù lọ: orí òkè ilẹ̀ Guinea ló ti sun, níbi tí kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ sí Òkun Àtìláńtíìkì, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sókun, ó forí lé ọ̀nà aṣálẹ̀, ó rin nǹkan bí 4,180 kìlómítà kó tó wá wọ inú òkun tó ti sá fún. Mo ní àwọn ọmọ ìyá méjì yẹn, Richard àti John Lander, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1830, tí wọ́n gba Ọ̀yọ́-Ilé lọ sí Bùsá, ibi tí Ọya ti ń wọ òkun ni wọ́n ń wá. Ìyẹn rọrùn. Ẹni bá jókòó sínú ọkọ̀, omi fúnra rẹ̀ á gbé e débẹ̀. Tiwa yìí, òkè là ń gùn. Nígbà tí mo fi máa parí gbólóhùn yẹn, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

A bá bàbá àgbẹ̀ kan tó ń ṣán oko. Mo kí i kú iṣẹ́, mo wá gbé ohùn sókè kí fóònù lè gbọ́: "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, níbo ni Orísun wà?"

Bàbá fi àdá rọ ilẹ̀. "Orísun? Ti Ifẹ̀?"

"Ti ibí yìí ni, bàbá."

"Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé níbí o. Àfi tí ẹ bá gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn yẹn, kí ẹ fa irin orí rédíò yín sókè dáadáa. Ṣé ìròyìn ọ̀sán lẹ fẹ́ gbọ́ ni?"

Àwọn ọmọ náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo ní, "Orísun odò, bàbá! Orísun omi!"

"Háà, omi lẹ ń wá! Ẹ ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀? Tó bá jẹ́ ibi tí omi ti ń sun jáde ni, ẹ gba abẹ́ òkè yẹn, lẹ́bàá ewé kókò. Ó ti ń sun láti àná."

Ọmọ jọ́gíráfì fọwọ́ kàn mí. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní láti àná o."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé bí àwọn àgbà bá sọ pé "àná", ayé àtijọ́ ni wọ́n ń sọ. Pé àná àwọn baba wa lè tó igba ọdún. Akọ̀wé ká ìyẹn náà sílẹ̀.

Omi sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ilẹ̀ pupa, ewé kókò gbọọrọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ihò kan tí kò ju ẹnu ife lọ láàárín wọn. Omi ń yọ jáde nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó mọ́ gaara, ó ń ti iyanrìn wẹ́wẹ́ sókè, iyanrìn náà á jó yíká, á tún rọ̀ sílẹ̀. Ìtàn ọ̀pá tí mo sọ lánàá, èmi fúnra mi gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kúnlẹ̀, aṣọ funfun àti gbogbo rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó gbóná.

"Ó gbóná!" ni mo kígbe. "Ẹ wá fọwọ́ kàn án! Bíi ti Ìkógòsì!" Wọ́n fọwọ́ kàn án, ó gbóná lóòótọ́. Inú àwọn ọmọkùnrin dùn dé góńgó. Gbogbo wa la mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń rọ́ lọ sí Ìkógòsì ní Èkìtì láti wo ibi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé. Ká tó ṣẹ́jú, ọ̀kan ti kọ́ géètì síbẹ̀ lójú ara rẹ̀, ìkejì ti ń sọ iye tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ti rí pátákó tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bu omi náà, mo mu ún. Mo tún mu. Mo ní ó ní adùn kan tí omi ọ̀rá kò ní.

Mo wá ní kí akọ̀wé tan fídíò. "Ẹ̀yin ará ìlú mi, nílé àti lẹ́yìn odi," mo ní, "ibi tí ìlú wa ti ṣẹ̀ ni mo dúró sí yìí. Omi yìí kò gbẹ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì ní gbẹ láé..."

Omi wúkọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ó ní "gbùkẹ̀", ó tu afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ́ ẹrẹ̀ sí mi láyà, ó sì rọ̀ wọlé. Iyanrìn tó ń jó bà sílẹ̀, kò dìde mọ́.

Ohùn ọkùnrin kan wá láti orí òkè: "Ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn? Mo ti ti tánkì o! Ẹ má tẹ páìpù mi!"

Ìbẹ̀rù ló mú mi fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Nǹkan ró "kàù" lábẹ́ sálúbàtà tuntun, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì fi ìdí jókòó sínú ojúbọ ìlú wa.

Oníbúlọ́ọ̀kù ni. Lókè ibẹ̀ ló ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, tánkì dúdú ńlá kan sì wà lórí irin níbẹ̀ tí oòrùn ń sè láti àárọ̀. Ó ri páìpù sínú ilẹ̀ wá sísàlẹ̀ kó lè máa fi bomi rin àwọn búlọ́ọ̀kù tó ti tò síbẹ̀. Páìpù ọ̀hún ló bẹ́. Láti àná. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó wo èmi, ó wo fóònù tó ṣì ń ká fídíò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa rọra o. Pẹtiróòlù ni mo fi fa omi tí ẹ jókòó sí yẹn." Lẹ́yìn náà ló rí ibi kejì tí mo fi ẹsẹ̀ fọ́. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọmọ ibo gan-an ni yín?"

Ó yẹ kí n dáhùn ní ṣókí. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ́ ènìyàn lára, mo ní, "Orírun mi, ìlú yìí náà ni, láti ìran dé ìran, àwọn baba ńlá mi..."

"Mo ní, ilé ta?"

Mo dárúkọ ilé wa. Ó dákẹ́ díẹ̀. Àǹtí ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé nílé wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn ló jẹ́ kó dín owó omi kúrò. Mo san owó páìpù, owó gọ́ọ̀mù àti owó púlọ́ńbà. Púlọ́ńbà náà kò pẹ́ dé. Ó kàn béèrè, "Níbo ló ti ń jò?", ó fọwọ́ tọ ilẹ̀ lọ láti ìdí tánkì, ó sì gbẹ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mò ń wò ó, mò ń jowú.

Kí n tó dé títì, fídíò ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà níbẹ̀ kì í tètè dáhùn tí a bá ń béèrè owó ọdún ìlú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn ló wà lójúfò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti Houston, ó fẹ́ mọ iye jálá pẹtiróòlù tí orísun ìlú wa ń mu lóṣù. Títí di òní, tí mo bá wọ ọjà wa, Bàbá Ìkógòsì ni àwọn ọmọ kan ń pè mí, wọn kì í sì í sọ ọ́ kélékélé.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá Ìyá Àgbà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́, fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò nílò láti bi í bóyá ó ti wo fídíò náà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. A dé ibẹ̀, a ò rí orísun odò náà."

"Odò wo?"

"Odò ìlú, Màmá. Èyí tí ẹ béèrè lọ́jọ́ ọdún. Ẹ ní níbo ni mo ti rí i."

Màmá gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tí wọ́n rán níyọ̀ tó lọ ra ṣúgà. "Ta ló bi ẹ́ léèrè odò? Odò tí òjò ń kún, tí ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ, kí ni màá fi ìdí ẹ̀ ṣe? Ìtàn tó o sọ ni mo béèrè. Baba tó fi ọ̀pá na ilẹ̀. Wọ́n bí mi níbí, mo dàgbà níbí, ìyá-ìyá mi ló tọ́ mi, mi ò gbọ́ ìtàn ọlọ́pàá yẹn rí láyé mi. Mo ní níbo lo ti rí i."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú yàrá. Èmi tí mò ń bá akéde jà lórí orísun àti orírun, wọ́n bi mí léèrè orísun ọ̀rọ̀ ní Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ, mo wọ sálúbàtà, mo gbọ̀nà oko lọ.

"Inú ìwé pẹlẹbẹ ni, Màmá," mo ní. "Ìwé ọdún ìlú tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó wà níbẹ̀ ní dúdú lórí funfun."

"Ó dáa. Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

Mo wo ẹ̀gúsí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ìwé náà lọ sílé ìtẹ̀wé, ojú ìwé kan ṣófo, atẹ̀wé sì ń pè mí lemọ́lemọ́. Mo fi nǹkan dí i. Ọ̀pá yẹn, tí a bá fẹ́ sọ tòótọ́, Mósè ló ni ín.

"Mo ní ta ló kọ ọ́?"

"Màmá," mo ní, "ẹ ò tilẹ̀ kí mi kú ewu. Mo ṣubú o."